Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé Marl Street

ÈMI, Enid Marjorie Rimmer, tí àwọn tó ń ra ìwé mi mọ̀ sí Nell Hathersage, ọmọ bíbí ìlú Bootle létí odò Mersey, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, omidan títí di òní (kì í ṣe pé wọn kò wá o), ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi lórí gbogbo ohun ìní mi sínú ìwé yìí. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ọpọlọ mi pé.

Ọpọlọ mi pé lónìí. Lọ́yà mi ní kí n yọ "lónìí" kúrò, mo ní kó fi í sílẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Dókítà ti sọ fún wa pé àrùn ìgbàgbé ló mú mi. Ó ní yóò máa wá, yóò máa lọ, títí di ọjọ́ tí yóò wá tí kò ní lọ mọ́. Ó ní bí ìwé kankan bá wà tí mo fẹ́ tọwọ́ bọ̀, kí n ṣe é ní ọjọ́ tí ọkàn mi bá mọ́lẹ̀, kí ewé igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Lọ́yà ti gbé báàgì rẹ̀ wá sílé mi rí, tí mo rò pé ẹni tó wá tún ẹ̀rọ gáàsì ṣe ni. Mo fún un ní tíì, mo fi ibi tí gáàsì wà hàn án. Ó mu tíì náà, ó dúpẹ́, ó sì padà lọ sílé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń bẹ̀rù, kí ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí lè mọ ìdí tí mo fi ń sáré. Ọkùnrin méjì ló ń gbé inú orí mi. Ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n wa Wilfred, tí à ń pè ní Wilf, tó bá ọkọ̀ òkun lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941, nígbà ogun Hítílà, tí kò sì padà wálé. Èkejì ni Tom Tunnicliffe, tí mo fi Wilf ṣe nínú àwọn ìwé ìtàn mi, tó ń padà wálé nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé ni Tom ti ń lé Wilf jáde. Bí mo bá di ojú mi kí n lè rí Wilf, Tom ni mo ń rí, pẹ̀lú irun rẹ̀ tó lọ́ wẹ́rẹwẹ̀rẹ àti súfèé tó máa ń sú. N kò lè sọ mọ́ bóyá irun Wilf lọ́ tàbí kò lọ́. Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo jóná mọ́ ilé ìyá Bàbá wa nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé ìlú wa lórí ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ẹni kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù láyé tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi Freda ni, Freda kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé mi láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá wa. Kí n tó gbàgbé pé mo ń gbàgbé, mo fẹ́ gba Wilf padà lọ́wọ́ Freda. Ìyókù tí ẹ ó kà níhìn-ín, ẹrù lásán ni.

ABALA KÌN-ÍN-NÍ. Mo yan Lọ́yà Gwilym Pugh gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ogún mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bá mi ka ìwé àdéhùn, tó ń sọ pé kí n má tọwọ́ bọ̀ ọ́, tí mo sì ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ará Wales ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò sì lè purọ́ kí etí rẹ̀ méjèèjì má pọ́n. Nítorí etí yẹn ni mo ṣe yàn án.

ABALA KEJÌ. Mo fi ilé mi, ojúlé kẹtàdínlógún ní Marl Street, sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, Freda Ann Molyneux, opó, tó ń gbé ní Southport.

Inú ilé yìí ni wọ́n bí wa sí. Bàbá wa, tó ń kó ẹrù ní èbúté, háyà á ni, ó sì kú láìní búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀. Owó ìwé mi àkọ́kọ́ ni mo fi rà á lọ́wọ́ onílé nígbà tí Màmá ṣì wà láyé, kí wọ́n lè sùn lórí ilẹ̀ tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rò pé ohun rere ni mo ṣe, mo sì ṣì rò bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló sọ ilé yìí di ìwé. Ní àdúgbò wa, ọlọ́pàá, àlùfáà àti agbowó ilé ló ni ilẹ̀kùn iwájú. Ará ilé, ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, láti ọ̀nà tóóró tó la àárín àwọn àgbàlá kọjá. Nígbà tí wáyà dé pé ọkọ̀ Wilf ti rì, pé wọn kò rí i, Màmá wa kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú òòlù, wọ́n yọ irin ìdábùú kúrò lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gbé e lọ jù sódò. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, ilẹ̀kùn yẹn kò tì mọ́. Olè wọlé níjọ́ kan, ó jí èédú wa àti bàtà Bàbá lọ, Màmá ní bàtà olówó pọ́ọ́kú ni, kí olè náà máa wọ̀ ọ́ lọ. Gbogbo àdúgbò mọ ìdí tí ilẹ̀kùn náà fi ṣí, tàbí kí n sọ pé a rò pé a mọ̀ ọ́n.

Èmi kò sí nílé nígbà tí Wilf lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìjọba ti kó àwa ọmọ kéékèèké kúrò lábẹ́ bọ́ǹbù, wọ́n so páálí tí orúkọ wa wà lára rẹ̀ mọ́ wa láyà bí ẹrù ọjà, wọ́n sì kó wa lọ sí oko àwọn ará Wales. Nígbà tí mo fi padà dé, ìtàn ni mo bá nílé. Mo gbé ìtàn náà sọ́kàn títí irun mi fi ń funfun, tí mo ń tẹ̀wé fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan, kí n tó jókòó kọ ọ́. Nínú orí tó kẹ́yìn ìwé náà, lẹ́yìn tí ogun ti parí, ìyá Tom ń da tíì sínú ife nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí wẹ́rẹ́, tí Tom sì wọlé, tó gbé fìlà rẹ̀ kọ́. Àwọn obìnrin kọ lẹ́tà sí mi láti Glasgow dé Dover pé àwọn sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Nígbà yẹn, ojú Màmá ti di bàìbàì. Freda, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló ń tọ́jú wọn, òun náà ló sì ń ka ìwé mi fún wọn nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó ka orí tó kẹ́yìn tán, Màmá béèrè pé ṣé ilẹ̀kùn náà ṣí. Freda ní ó ṣí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Freda láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn tí kò ní irin, tí afẹ́fẹ́ ń tì síwá sẹ́yìn. Freda á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí i, á gòkè padà. Wọ́n á tún ní kó lọ ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí tí Ọlọ́run fi gbà wọ́n ní ọdún 1988.

Níbi ìsìnkú, mo ń gé ẹran fún àwọn àlejò nígbà tí Freda dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ tí o ò sí nílé lo wá ń sọ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹyin àti wàrà ni, nítorí mo jẹ ẹyin àti wàrà ní Wales nígbà tí òun ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lábẹ́ bọ́ǹbù, kò sì jẹ́ kí n gbádùn ẹyin náà títí di òní. Mo dá a lóhùn pé, èmi kọ́ ni mo kà á fún Màmá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ sí ọkọ̀ ojú irin, ó di Southport. N kò bẹ̀ ẹ́. Nínú ìdílé Rimmer, ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ̀bi.

ABALA KẸTA. Mo fi dùùrù inú pálọ̀ iwájú sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn ọmọdé lórin.

Nígbà tí mo sọ abala yìí, Lọ́yà Pugh gbé kálàmù sílẹ̀, ó dìde, ó sì lọ wo pálọ̀ iwájú. Nígbà tó padà wá, etí rẹ̀ ti pọ́n kó tó la ẹnu, bí ẹni tó fẹ́ purọ́ tí kò lè ṣe é. Kò sí dùùrù níbẹ̀. Kò sí dùùrù níbẹ̀ rí. Ìdílé Tunnicliffe ló ni dùùrù, nínú ìwé mi kẹta. Èmi ni mo rà á fún wọn, tí Kathleen ìyàwó Tom fi ń kọrin. Ó ní kí á yọ abala náà kúrò, pé ìwé ìhágún tó bá ní irú èyí nínú lè kó wàhálà bá àwọn tó ń jogún. Mo ní kó fagi lé e, ṣùgbọ́n kó má ya á kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ti ń ṣe mí, kó wo ibẹ̀. Mo rántí bí ibi tí a ń tẹ̀ lára dùùrù náà ṣe tutù lábẹ́ ìka mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní kí wọ́n bá mi sè tíì tuntun.

ABALA KẸRIN. Mo fi ìjàpá mi, Gladys, sílẹ̀ fún aládùúgbò mi, Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert Fazakerley, pẹ̀lú àpótí tó fi ń sun oorun ìgbà òtútù. Ọ̀gbẹ́ni Fazakerley ti fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan rí, ní ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo sọ fún un pé mo ní ìwé kan láti parí. Ó ní òun á dúró. Mo parí ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kò sì tún béèrè mọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú ewé lẹ́tísì wá fún Gladys ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá pẹ́ dé ní Sátidé, mo máa ń dúró lójú fèrèsé.

ABALA KARÙN-ÚN. Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá wa sílẹ̀ fún Bernadette Quirke, tó ń wá ràn mí lọ́wọ́ láràárọ̀, pẹ̀lú ìkọ́ irin tí Bàbá wa fi ń kó ẹrù. Ó ń bá mi jà nítorí oògùn, ó sì ń jẹ́ kí n borí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkọ́ náà, kó gbé e kọ́ sí ibi tí ọkọ rẹ̀ yóò ti máa rí i.

ABALA KẸFÀ. Ó yẹ kí n fi àwọn ìwé mi sílẹ̀ fún ẹnì kan níhìn-ín. N kò lè ṣe é. Àwọn atẹ̀wé mi ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni wọ́n. Ní ìgbà kan tí owó ń wọlé, tí orí mi ń wú, mo tọwọ́ bọ ìwé pé bí n kò bá lè kọ̀wé mọ́, tàbí tí mo bá kú, wọ́n lè gba ẹlòmíràn kó máa kọ ìtàn ìdílé Tunnicliffe lọ ní orúkọ Nell Hathersage. Lọ́yà Pugh ní kí n má ṣe é. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì látìgbà tí àìsàn yìí dé, ó ní kò sí ihò kankan tí a lè gbà jáde.

Wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá kí mi pẹ̀lú òdòdó àti kéèkì. Ó mú orí ìwé tuntun kan dání, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gbọ́ òórùn èbúté rí ti kọ. Mo kà á. Tom ni, ogun mìíràn ni, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tún ṣí. Ó dára. Ó kọ ọ́ dáadáa ju èmi lọ. Ọmọbìnrin náà béèrè ohun tí mo rí sí i, mo ní kéèkì náà dùn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Nígbà tí mo bá ti gbàgbé orúkọ mi, orúkọ náà yóò ṣì máa kọ̀wé, Tom yóò sì máa wọlé láti ẹ̀yìn nínú gbogbo ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Wilf yóò wà lábẹ́ omi láìní ẹnikẹ́ni tó rántí bí orí rẹ̀ ṣe rí.

ABALA KEJE. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù, àti ohunkóhun tí ẹni tí mo fún bá kọ̀ tàbí tí òfin kò bá jẹ́ kó gbà, kí ó di ti ilé àwọn arúgbó atukọ̀ tó wà létí omi. Mo ti rí wọn tí wọ́n jókòó lójú fèrèsé, tí wọ́n ń wo ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

ABALA KẸJỌ. Mo fẹ́ kí ìwé yìí parí síbí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, ọjọ́ tí a dá láti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn iwájú. Ohun tí mo ń sọ báyìí, Lọ́yà Pugh ló ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ èyí tí wọ́n ti tẹ̀, ó sì ń mí kanlẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́.

Freda ni. Lọ́yà ti kọ̀wé sí i pé yóò jogún ilé, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti sọ fún mi lójú mi pé òun kò fẹ́ ẹ. Ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó lórí àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ kóòtù. Ó ti di arúgbó. Mo rò pé inú yóò bí mi, ṣùgbọ́n ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n mí. Mo sọ gbogbo ohun tó ń ṣe mí fún un, láìfi ọ̀kan pamọ́, mo sì béèrè ohun tí mo ti ń fẹ́ béèrè: "Irun Bọ̀dá Wilf, ṣé ó lọ́ ni, àbí kò lọ́?"

Ó ní, "Irun wo? Bàbá máa ń fá a kodoro nítorí iná orí. Etí rẹ̀ ló tóbi. Kò mọ súfèé sú, ojo ni. Ó ń bẹ̀rù omi, Enid. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Mo ní kó máa sọ lọ, ó sì sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Wilf fẹ́ lọ, ó bì sí àgbàlá. Ó bẹ Màmá pé bí òun bá ti jáde, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi irin dábùú rẹ̀, nítorí bí òun bá mọ̀ pé ó ṣí, òun á sá padà. Màmá ṣe bẹ́ẹ̀. Wilf kò tíì rìn dé òpin ọ̀nà tóóró náà tó fi yí padà. Freda, ọmọ ọdún méjìlá, wà nídìí tábìlì, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rí i tí ọwọ́ ilẹ̀kùn gbéra sókè. Ó gbọ́ tí Wilf fi èjìká tì í. Màmá dúró, wọ́n fi ọwọ́ lé irin náà. Wilf ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun á bá ọkọ̀ òkun lọ. Ẹni tó bá sá nígbà ogun, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọkùnrin ìyá kan tó ń gbé ní òpin àdúgbò ti wà lẹ́wọ̀n fún irú rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì lè lọ ra búrẹ́dì mọ́ nítorí ojú ayé. Freda dìde. Màmá mi orí sí i pé kó jókòó.

"Ó ní, 'Màmá, ẹ ṣí i,'" ni Freda wí. "Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Lẹ́yìn náà a gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń lọ."

Ìdí nìyẹn tí Màmá fi yọ irin náà jù sódò nígbà tí wáyà dé. Ìrètí kọ́. Gbogbo ìwé mi, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo pè é ní ìrètí. Mo sì jókòó nínú yàrá mi, mo kọ ọ́ pé Tom ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé kí Freda kà á sókè ketekete létí obìnrin tó di irin náà mú. Nígbà tí wọ́n ń pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, Freda, lọ ṣí i, Freda mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó sì ń lọ ṣí i.

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní Màmá ló mú òun búra pé òun kò ní sọ ọ́. Mo ní, kí ló wá dé tí ẹ fi sọ ọ́ lónìí? 

"Torí o máa gbàgbé ni mo ṣe sọ ọ́," ló wí. "Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan kí n tó kú. Mi ò fẹ́ kí ẹni náà gbé e bí mo ṣe gbé e."

Mo sunkún nígbà náà, mo sunkún gan-an, Lọ́yà Pugh sì kọjú sí ògiri. Mo ti rí Wilf. Wọ́n fá orí rẹ̀, etí rẹ̀ tóbi, ẹ̀rù ń bà á. Èyí tí mo wá láti ọjọ́ yìí, ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò sì ní agbára láti pa á mọ́ di ìgbà ìkórè. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nígbà tí mo ṣì ń ríran. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá máa tọ́jú mi, ìgbà ń bọ̀ tí n ó béèrè Wilf lọ́wọ́ yín. Ẹ má sọ ìtàn yìí fún mi. Tuntun ni yóò máa jẹ́ létí mi ní gbogbo ìgbà. Ẹ ní ó ti dé, ó ti mu tíì, ó ti lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí Tom wọlé. N kò lè lé e jáde mọ́.

Lọ́yà Pugh kìlọ̀ fún wa pé bí mo bá kú, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ka ìwé yìí ní kóòtù. Mo wo ojú Freda. Ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

ABALA KẸSÀN-ÁN. Èyí ni bí a ṣe tọwọ́ bọ̀wé. Òfin ní kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀, ó sì ní ẹlẹ́rìí tó bá ní ogún nínú ìwé náà yóò pàdánù ogún rẹ̀. Lọ́yà Pugh jẹ́ ọ̀kan, nítorí n kò fún un ní nǹkan. Akọ̀wé rẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ èkejì, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ọ̀gbẹ́ni Fazakerley ní Gladys. Bernadette ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbogbo ẹni tó ń wọ ilé mi ni mo ti há nǹkan fún, kò wá sí ẹni tó lè jẹ́rìí mi. Bernadette lọ kan ilẹ̀kùn ní àdúgbò, ṣùgbọ́n ilé tí kò tíì ní pákó lójú fèrèsé kò pọ̀ mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wó òpópónà yìí, àwọn tó kù kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ní kí wọ́n wá tọwọ́ bọ ìwé.

Lọ́yà ní òun á mú ẹnì kan wá lọ́la. Mo ní kó má lọ. Mo ní kí Kathleen bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo rí i lójú Bernadette pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni mo pè. Ìgbàgbé náà ti ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bó bá ti ń bọ̀, kò sì sí ohun tí mo lè fi dá a dúró. Lọ́yà Pugh bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Freda bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n gbé kálàmù wá. Lọ́yà ṣàlàyé fún un pé bó bá fi lè jẹ́rìí, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, pé àwọn atukọ̀ ni yóò gbà á. Ó ní òun gbọ́. Mo ní kí abala kejì wà bí mo ṣe sọ ọ́, kí ẹni tó bá kà á mọ̀ pé mo fún un.

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, tí àwọn náà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú mi, ní ojúlé kẹtàdínlógún, Marl Street, Bootle, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, ọdún 2009.

(Ìfọwọ́sí) Enid Marjorie Rimmer

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Gwilym Pugh, lọ́yà, Bootle.

Ẹlẹ́rìí kejì: Freda Ann Molyneux, opó, Southport, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ mi nìkan ti tó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ èyí sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ó mọ Wilf.